John Britten, ọkùnrin tó fi wáyà, gọ́ọ̀mù àti aṣọ dúdú ṣe alùpùpù nínú ilé ara rẹ̀

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án ọdún 1995 ni John Britten jáde láyé ní ìlú Christchurch, lórílẹ̀-èdè New Zealand. Àrùn jẹjẹrẹ awọ ara ló pa á. Ọmọ ọdún 45 péré ni, ó sì fi ìyàwó rẹ̀, Kirsteen, àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Ní ọdún tó kú yẹn gan-an, alùpùpù tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ṣe ń fi ẹ̀yìn àwọn alùpùpù ilé-iṣẹ́ ńláńlá gbálẹ̀ níbi ìdíje lókè òkun.

Ìdí tí a fi mú ìtàn rẹ̀ wá sójú ìwé yìí kò jìnnà. Ẹni tó bá ń gbé Sakété tàbí Pobẹ̀, tàbí tó máa ń gba ọ̀nà Àjàṣẹ́, mọ̀ pé alùpùpù ni ẹsẹ̀ wa. Zẹ́mì ló ń gbé ìyá ọlọ́jà lọ sí ọjà, òun náà ló ń gbé àgbàdo, gàrí àti ògì padà wálé. Bí alùpùpù bá ṣubú, ohun tó kọ́kọ́ máa ń fọ́ ni àwọn ìbora oníke ara rẹ̀: ìbo iná iwájú, ìbo ẹ̀gbẹ́, mọ́dígáàdì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́bàá ọ̀nà máa ń fi wáyà rán an, àwọn mìíràn á fi irin gbígbóná yọ́ ike náà pọ̀, àwọn kan sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi fáíbà lẹ̀ ẹ́. Ní báyìí, wọ́n tún ń rí aṣọ dúdú kan lórí fóònù wọn, tó ń dán bí awọ ejò, tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe ara alùpùpù. Carbon fibre ni wọ́n ń pè é. Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń bi ara wọn ni pé, ṣé ẹni tí kò ṣe é rí lè kọ́ ọ? Ìtàn Britten ni ìdáhùn tí a rò pé ó dára jù sí ìbéèrè náà, nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ́ òun náà níṣẹ́ yìí.

Ìbejì ni wọ́n bí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1950, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá òru lù, John jáde. Kí Marguerite tó tẹ̀lé e, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìbejì kan náà ṣe ní ọjọ́ ìbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwọn, John ni ẹ̀gbọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo wa la mọ ẹni tó rán Táyé wá wo ayé.

Ìwé kíkà nira fún un láti kékeré. Àwọn ọmọ kan wà tí lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ lójú, tí orí wọn sì pé pérépéré. Ọ̀kan nínú wọn ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé irin tàbí igi lé e lọ́wọ́, ẹ ò ní tètè rí i mọ́. Nígbà tó ṣì wà lọ́mọdékùnrin, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan rí ògbólógbòó alùpùpù Indian, iṣẹ́ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti jù sínú kòtò. Wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì tún un tò títí tó fi ń rìn.

Nígbà tó dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lálẹ́, ibẹ̀ ló ti gba ìwé ẹ̀rí nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó lọ sí Ìlú Ọba, ó bá wọn ya àwòrán ọ̀nà ńlá. Ó padà sílé, ó ń ya àwòrán ẹ̀rọ fún ilé-iṣẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló kọ́ ààrò, ó ń yọ́ gíláàsì nínú rẹ̀, ó ń fi ṣe àwọn fìtílà aláràbarà fún títà. Nígbẹ̀yìn, ó wọnú òwò ilé àti ilẹ̀ tí ìdílé rẹ̀ ń ṣe. Kò sí iṣẹ́ alùpùpù kankan nínú gbogbo èyí. Òwò ilé ló ń bọ́ ọ. Alùpùpù ni iṣẹ́ alẹ́ àti ti òpin ọ̀sẹ̀. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọwọ́ òfìfo ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó lówó tó lè fi ra ohun èlò, ó sì ní àyè nílé tó lè fi ṣe ṣọ́ọ̀bù.

Ìdíje ló fà á wọnú iṣẹ́ náà. Ó ń gun alùpùpù sáré, ṣùgbọ́n ara àwọn èyí tó ń gùn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn: wọ́n wúwo jù, afẹ́fẹ́ sì ń dá wọn dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbora tuntun fún alùpùpù Ducati tó ní. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ló ṣe èyí tó pè ní Aero-D-One, tó fi aṣọ dúdú yìí ṣe ara rẹ̀, tó sì gbé ẹ̀ńjìnnì Denco, iṣẹ́ àwọn ará ìlú rẹ̀, sínú rẹ̀. Ara alùpùpù náà dára. Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó sú u, ó pinnu pé òun yóò ṣe ẹ̀ńjìnnì tòun náà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí aṣọ dúdú yìí ká tó máa bá ìtàn lọ, torí òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa fẹ́ mọ̀.

Ẹ wo èédú tí a fi ń dáná. Ohun tó kù nínú igi lẹ́yìn tí iná ti lé omi àti èéfín jáde lára rẹ̀ ni. Kábọ́ọ̀nù ni orúkọ ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe òwú carbon fibre kò jìnnà sí bí a ṣe ń sun èédú. Òwú oníke kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Wọ́n á sun ún nínú ààrò tí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ wọ̀, tí ooru rẹ̀ ju 1000 lọ ní ìwọ̀n Celsius, títí tó fi máa ku kábọ́ọ̀nù nìkan. Wọ́n á wá hun òwú náà bí àwọn ahunṣọ ṣe ń hun òfì. Aṣọ tó bá jáde níbẹ̀ rọ̀, ẹ lè ká a bí ìró, ẹ sì lè fi sísọ́ọ̀sì gé e.

Rẹ́sìnì ló ń mú un le. Omi kan ni, ó ki bí oyin, wọ́n sì máa ń po omi mìíràn mọ́ ọn tí yóò mú un dì. Rẹ́sìnì nìkan, bó bá gbẹ, yóò sán bí ògiri amọ̀ tí kò ní koríko nínú. Aṣọ nìkan kò lè dá dúró. Nígbà tí méjèèjì bá di ọ̀kan, kò sí irin tí ìwúwo rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ tó le tó o. Àmọ́ ibi tí òwú bá nà sí nìkan ni agbára rẹ̀ wà. Ó dà bí ọparun: ẹ kò lè fà á já, ṣùgbọ́n àdá kékeré yóò là á lóòró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ́ aṣọ náà ní ìpele ìpele, tí wọ́n á jẹ́ kí èyí kọjú sí ọ̀tún, kí èyí tó tẹ̀lé e kọjú sí òsì.

Bí Britten ṣe rí ìrísí ara alùpùpù rẹ̀ ló yà wá lẹ́nu jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní kọ̀ǹpútà àti yàrá tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn lu alùpùpù láti wò ó bóyá ó ń gba afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa. Britten mú wáyà, ó ń tẹ̀ ẹ́ yí alùpùpù náà ká, ó sì ń fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ wáyà kan mọ́ èkejì. Yóò sún sẹ́yìn, yóò wò ó, yóò já èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò tún un tẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ọparun ta egungun òrùlé kó tó di pé wọ́n fi koríko bò ó, á mọ ohun tí à ń sọ. Láti ara egungun wáyà yìí ni wọ́n ti rí ìrísí tí wọ́n fi ṣe mọ́ọ̀dù, irú ohun tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ń da sìmẹ́ńtì sí. Inú mọ́ọ̀dù náà ni wọ́n ń tẹ́ aṣọ dúdú sí.

Ìyókù iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ púpọ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é. Wọ́n á fi ìda pa inú mọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá gbàgbé ìda, mọ́ọ̀dù àti ohun tó ń ṣe yóò di ọ̀kan, yóò sì pàdánù méjèèjì. Wọ́n á tẹ́ aṣọ, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì pa rẹ́sìnì sí i, wọ́n á tún tẹ́ òmíràn. Wọ́n á wá fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ọ̀rá náà lè tẹ aṣọ mọ́ mọ́ọ̀dù, kí rẹ́sìnì tó pọ̀ jù sì jáde. Rẹ́sìnì àpọ̀jù kì í mú kó le sí i, ó kàn ń mú kó wúwo ni. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á gé etí rẹ̀, wọ́n á sì fi pépà yíyán yan án.

Fún àwọn tó fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ní agbègbè wa, ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Bí ẹ bá po rẹ́sìnì púpọ̀ sínú ike kan lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sán gangan, yóò gbóná fúnra rẹ̀, ó lè máa rú èéfín, yóò sì dì kí ẹ tó lò ó dé ìdajì. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa po ó, ní òwúrọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ fi wọn omi méjèèjì, ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Oòrùn tún máa ń ba rẹ́sìnì jẹ́, nítorí náà wọ́n máa ń fi fáníìṣì kùn ún lórí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, torí rẹ́sìnì lè mú kí awọ ara máa yún ẹni débi pé olúwarẹ̀ ò ní lè sún mọ́ ọn mọ́ láyé. Eruku tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń yan án kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ bo imú. Iná mànàmáná tún máa ń gba inú eruku náà kọjá, kó má wọnú ẹ̀rọ tó ń lo iná. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì ká aṣọ dúdú, fáíbà funfun tí wọ́n fi ń tún nǹkan ṣe ni kó fi kọ́ ọwọ́. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ń ṣe é, ó sì rọ̀jú púpọ̀.

Mọ́dígáàdì, ìbo ẹ̀gbẹ́ àti ìbo iná ni iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìwọ̀nyí bá fọ́ lójú ọ̀nà, owó ló bọ́. Rìmù, apá tó di táyà iwájú mú, ọwọ́ alùpùpù àti ohun tó jẹ mọ́ bíréèkì kì í ṣe ohun tí à ń fi kọ́ṣẹ́. Irin máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́, ojú yóò sì rí i. Carbon fibre lè ti sán nínú nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán, ọjọ́ tó bá ṣẹ́ yóò ṣẹ́ lójijì. Zẹ́mì tó gbé ìyá àti ọmọ sẹ́yìn kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi ìdánwò.

Britten ṣe rìmù, ó sì ṣe apá iwájú náà. Àmọ́ ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìṣirò ẹ̀rọ kó tó dé ibẹ̀, orí ìbora ni ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ́ kó tó kan ohun tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́.

Alùpùpù tó sọ ọ́ di olókìkí ni Britten V1000, tí ẹ̀yà rẹ̀ tó lókìkí jù jáde ní ọdún 1992. Kò ní férémù bí àwọn yòókù. Ẹ̀ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni òpó àárín, wọ́n wá de iwájú àti ẹ̀yìn mọ́ ọn. Apá tó di táyà iwájú mú, apá ẹ̀yìn, rìmù méjèèjì àti ìbora, aṣọ dúdú ni gbogbo wọn. Ó gbé rédíétọ̀ sábẹ́ àga ìjókòó, ó sì la ihò láti iwájú kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Páìpù èéfín rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun. Àwọ̀ búlúù àti pínǹkì ló fi kùn ún, èyí tó mú kí àwọn kan rẹ́rìn-ín kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Kílò 138 ni gbogbo rẹ̀ wọ̀n, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 166. Kí ẹ lè fi wé e: zẹ́mì tó ń gbé wa lọ sọ́jà wọ̀n ju 100 kílò lọ díẹ̀, agbára rẹ̀ kì í sábà ju ti ẹṣin 10 lọ.

Ẹ̀ńjìnnì náà, inú ilé ni wọ́n ti ṣe é. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da irin rẹ̀, ààrò tí wọ́n fi ń sun ìkòkò ni wọ́n fi ń sun ún kó lè le, omi adágún ìwẹ̀ tó wà nílé ni wọ́n sì fi ń pa ooru rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ló ń bá a ṣe é lóru, lẹ́yìn tí oníkálukú bá ti ibi iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ dé. Ó máa ń ti ara rẹ̀ àti àwọn ẹlòmíràn ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ibi tí a wà yìí, a kò lè pe ìyẹn ní ìwà tó dára pátápátá. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ kéékèèké, òru ṣáá sì ni.

Daytona ni wọ́n ń gbé alùpùpù náà lọ, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìdíje ńlá ti máa ń wáyé ní oṣù kẹta ọdọọdún. Ní ọdún 1991, ipò kejì àti ìkẹta ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nínú ìdíje àwọn alùpùpù onísílíńdà méjì. Ní ọdún 1992, wọ́n gbé tuntun wá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ ìdíje tó mọ́, wọ́n rí i pé sílíńdà kan ti sán. Wọ́n ń jó o pọ̀ ní gbogbo òru. Nígbà tó di ojú pápá, Andrew Stroud gùn ún, ó kọjá Ducati ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú táyà iwájú lókè, àwọn èrò sì dìde dúró. Ó ti wà níwájú, ìdíje ti ń parí lọ, ni alùpùpù bá kú. Aṣọ dúdú kò ṣẹ́, ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n jó pọ̀ lóru kò tú. Ohun kékeré kan lára iná rẹ̀ ló kọṣẹ́. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, tó kó ẹrù kún mọ́tò tán tí ọkọ̀ kọ̀ láti ṣíná, mọ bó ṣe rí lára wọn.

Wọ́n padà sílé, wọ́n tún un ṣe. Ní ọdún 1993, alùpùpù náà gba àkọsílẹ̀ eré sísá tó ga jù lágbàáyé ní ìpele rẹ̀: ó lé ní kìlómítà 302 ní wákàtí kan. Ní ọdún 1994, ó borí ní Daytona. Ní ọdún 1995, Stroud fi gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé nínú ìdíje BEARS, èyí tó wà fún alùpùpù Ìlú Ọba, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ohun kan tún wà tí a kò ní fò kọjá. Ní ọdún 1994, ní erékùṣù Isle of Man tó wà láàárín Ìlú Ọba àti Ireland, níbi tí wọ́n ti ń sáré lójú ọ̀nà ìgboro, Mark Farmer ṣubú lórí alùpùpù Britten nígbà ìgbáradì fún ìdíje, ó sì kú. Kò sí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni àìsàn dá Britten fúnra rẹ̀ dúbúlẹ̀. Kò pẹ́ rárá láàárín ìgbà tí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é àti ìgbà tó kú. Àwọn èèyàn rẹ̀ parí àwọn alùpùpù tí wọ́n ti gba iṣẹ́ wọn sílẹ̀, tí gbogbo V1000 tí wọ́n ṣe fi jẹ́ mẹ́wàá. Ní ọdún 1998, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Guggenheim ní New York kó àwọn alùpùpù tó lẹ́wà jù láyé jọ fún àfihàn, ọ̀kan nínú ti Britten sì wà níbẹ̀. Òmíràn wà ní Te Papa, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba New Zealand ní ìlú Wellington, búlúù àti pínǹkì náà sì ni àwọ̀ rẹ̀ títí di òní.